Eérú, Gamalin àti Ọgbọ́n Oko

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ẹdẹ kọjá ní Sekona lọ sí Ilé-Ifẹ̀ yóò mọ̀ pé ilẹ̀ àgbẹ̀ ni ibẹ̀. Kí oògùn apakòkòrò tó dé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa kò káwọ́ gbera. Eérú ni wọ́n ń wọ́n sára ewé ilá àti ẹ̀fọ́. Wọn a gbé àgbàdo irúgbìn kọ́ sókè ìdáná kí èéfín lè lé kòkòrò, wọn a sì da ata gbígbẹ mọ́ ẹ̀wà.

Láàárín 1950 sí 1960 ni Gamalin 20, tí lindane wà nínú rẹ̀, gbilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa, nítorí kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó mu. Oògùn náà ṣiṣẹ́. A kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó kúrò lóko bọ́ sódò, àwọn kan sì ń fi pa ẹja tí ènìyàn yóò jẹ. Ní 2009, lábẹ́ àdéhùn Stockholm, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti pa lílo lindane lóko tì. Síbẹ̀ àṣà náà kò kú: àwọn oníṣòwò kan ń da oògùn apakòkòrò mìíràn sí ẹ̀wà, NAFDAC sì ti kìlọ̀ léraléra.

Ọ̀nà mìíràn wà. Nígbà tí kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń run ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà, àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn kò gbára lé oògùn. Wọ́n wá ọ̀tá rẹ̀ rí ní Paraguay, agbọ́n kékeré kan tí ń yé ẹyin sínú rẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Iṣẹ́ yìí ni Hans Herren fi gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Dongoyaro pàápàá wúlò: bí a bá gún èso rẹ̀, tí a rẹ ẹ́ sómi, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì wọ́n ọn sára ewé, oúnjẹ kì í wu kòkòrò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í lè bọ́ awọ dàgbà.

Èmi kò sọ pé eérú tó fún oko ńlá. Òjò kan ṣoṣo a máa fọ̀ ọ́ lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé eérú, agbọ́n àti dongoyaro ń béèrè pé kí àgbẹ̀ mọ kòkòrò tí ó ń bá jà. Oògùn inú ìgò kò béèrè ìyẹn. Bí ìmọ̀ náà bá bá àwọn àgbà lọ, ìgò nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ ọmọ wọn.