Erékùṣù Mẹ́sàn-án, Líìgì Mọ́kànlá: Ìtàn Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá ní Cape Verde

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Cape Verde na Eswatini ní góòlù 3 sí òdo ní Praia, olú ìlú wọn, wọ́n sì di ọ̀kan nínú àwọn tí yóò gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026. Ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Kamẹrúùn, tó ti lọ síbi ìdíje náà lẹ́ẹ̀mẹjọ, ló ṣe ipò kejì lẹ́yìn wọn nínú ìsọ̀rí kan náà. Gbogbo ènìyàn tó ń gbé ní Cape Verde kò ju ìdajì mílíọ̀nù àti díẹ̀ lọ. Àwọn kan pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Èmi kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, láti orí bí àwọn erékùṣù náà ṣe ń bá ara wọn díje nílé ló sì yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀.

Erékùṣù mẹ́wàá ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà, nínú Òkun Àtìláńtíìkì, ní ìwọ̀ oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà. Ènìyàn ń gbé lórí mẹ́sàn-án. Santa Luzia nìkan ló ṣófo. Praia wà ní Santiago, erékùṣù tó tóbi jù, tí èrò ibẹ̀ sì pọ̀ jù. Mindelo, ìlú kejì, wà ní São Vicente. Ìlú méjèèjì yìí ti ń bá ara wọn figagbága tipẹ́, lórí bọ́ọ̀lù àti lórí ohun mìíràn. Àwọn Pọtogí ló ń ṣàkóso gbogbo erékùṣù náà títí wọ́n fi gba òmìnira ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 1975.

Mindelo ni bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ ta gbòǹgbò. Èbúté ibẹ̀ dára, nítorí náà láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ti ń yà síbẹ̀ láti ra èédú. Àwọn ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ta èédú náà, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì kó eré ìdárayá ìlú wọn dání: kíríkẹ́ẹ̀tì, gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ Mindelo wò wọ́n, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Mindelense wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó pẹ́ jù lọ ní gbogbo erékùṣù náà, òun náà ló sì gba ife líìgì orílẹ̀-èdè jù. Ní Praia, ọdún 1923 ni wọ́n dá Sporting Clube da Praia sílẹ̀.

Ẹni tó bá ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ yìí yóò rí gbogbo ibi tí àwọn ará ibẹ̀ ti bá ayé pàdé. Sporting, Boavista àti Académica jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ Pọtogí. Derby tó wà ní Mindelo mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Botafogo ní erékùṣù Fogo ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ Brazil. Batuque, ní Mindelo, fi orúkọ ìlù àti ijó ìbílẹ̀ wọn ṣe orúkọ tirẹ̀.

Ètò ìdíje wọn ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ wò. Ní ilẹ̀ tó gbòòrò, ẹgbẹ́ ogún lè máa lọ káàkiri láti bá ara wọn gbá líìgì kan ṣoṣo. Èyí kò ṣeé ṣe níbi tí òkun wà láàárín ẹgbẹ́ kan àti èkejì, tí ọkọ̀ òfuurufú wọ́n, tí ọkọ̀ ojú omi náà kì í sì í lọ lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé kí erékùṣù kọ̀ọ̀kan ní líìgì tirẹ̀. Santiago àti Santo Antão ní méjì-méjì, ti àríwá àti ti gúúsù. Ìdí nìyẹn tí erékùṣù mẹ́sàn-án fi ní líìgì mọ́kànlá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí ti abẹ́lé, àwọn tó gba ife ní erékùṣù wọn yóò wá pàdé nínú ìdíje orílẹ̀-èdè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ méjìlá ló ń wà níbẹ̀: olúborí líìgì mọ́kànlá àti ẹni tó gba ife ní ọdún tó kọjá. Bí ẹni tó gba ife bá tún borí ní erékùṣù rẹ̀, ẹni tó ṣe ipò kejì níbẹ̀ yóò bá a lọ. Wọn a pín wọn sí ìsọ̀rí, títí yóò fi ku ẹgbẹ́ méjì tí yóò gbá àṣekágbá.

Ètò yìí ní àǹfààní àti ìṣòro. Àǹfààní rẹ̀ ni pé Brava, erékùṣù tó kéré jù nínú èyí tí ènìyàn ń gbé, ní olúborí tirẹ̀ lọ́dọọdún, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Maio sì mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tó já sí ìdíje orílẹ̀-èdè. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó lágbára kì í rí ẹni tó tó o gbá ní erékùṣù rẹ̀, owó tó wà nínú rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù sì ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olúborí wọn kò lè kópa nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà nítorí owó ìrìnnà. Òjò kì í sì í tó wọn fún koríko pápá. Ilẹ̀ pupa tó le ni àwọn àgbà gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ kí pápá oníkoríko àtọwọ́dá tó dé.

Ọdún 1982 ni wọ́n dá àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ní 1986 ni wọ́n wọ FIFA. Tubarões Azuis ni wọ́n ń pe ikọ̀ wọn, ìyẹn ẹja àkùrákùdà aláwọ̀ búlúù. Ní ọdún 2000 wọ́n gba Ife Amílcar Cabral, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nílé ara wọn. Ṣùgbọ́n ọdún 2012 ni Áfíríkà tó mọ̀ wọ́n dáadáa. Nínú ìdíje àtilọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2013, wọ́n na Kamẹrúùn ní góòlù 2 sí òdo ní Praia. Kamẹrúùn fi 2 sí 1 gbẹ̀san ní Yaoundé, kò sì tó. Lúcio Antunes, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídarí ọkọ̀ òfuurufú láti pápákọ̀, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ó kó wọn lọ sí ìdíje náà ní Gúúsù Áfíríkà ní 2013, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú àwọn tó gbàlejò àti Mòrókò, wọ́n na Àǹgólà, wọ́n sì wọ àárín àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn kí Gánà tó lé wọn.

Lọ́dún kan náà ni ọgbẹ́ tó dùn wọ́n jù dé. Wọ́n na Tùnísíà ní Tunis ní 2 sí òdo, èyí tó yẹ kó gbé wọn lọ sí ìpele tó kẹ́yìn fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2014. FIFA gba ayò náà lọ́wọ́ wọn nítorí pé Fernando Varela gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí ìjìyà káàdì pupa ṣì wà lórí rẹ̀. Bí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè bá ń ṣe ìwé rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ Cape Verde tó wà lẹ́yìn odi pọ̀ ju àwọn tó wà nílé lọ: wọ́n wà ní Lisbon, Rotterdam, Massachusetts àti Dakar. Fún ìgbà pípẹ́, ilẹ̀ mìíràn ló ń jèrè wọn. Rolando, ọmọ bíbí São Vicente, àti Gelson Martins, ọmọ bíbí Praia, gbá fún ilẹ̀ Pọtogí. Sweden ni Henrik Larsson, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Cape Verde, gbá fún. Àjọ náà wá jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń wá àwọn ọmọ kiri. Roberto Lopes, tí wọ́n bí ní Dublin, tó ń gbá fún Shamrock Rovers, rí ìwé ìpè rẹ̀ lórí LinkedIn láti ọwọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Rui Águas. Èdè Pọtogí ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì kà á sí títí Águas fi kọ òmíràn. Dailon Livramento, tó gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Kamẹrúùn ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Rotterdam ni wọ́n bí i sí.

Àwa ọmọ Nàìjíríà náà kò gbàgbé wọn. Ní oṣù Kọkànlá 2021, wọ́n wá sí pápá Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, Èkó. Osimhen tiwa gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, Stopira tiwọn dá a padà láìpẹ́, ọ̀mì 1 sí 1 ni wọ́n fi túká. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n já Super Eagles sílẹ̀ nínú ìdíje àtilọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022.

Bubista, ọmọ Boa Vista tó ti gbá fún ikọ̀ náà rí, ló gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2020. Ó sin wọn dé àárín àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ipò kìíní ní ìsọ̀rí tí Íjíbítì àti Gánà wà. Òun náà ló mú wọn gba tíkẹ́ẹ̀tì ọdún 2026.

Inú mi dùn sí àwọn ọmọ òkè òkun tó padà wá. Síbẹ̀ ẹ wo àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí tipẹ́. Stopira kan náà, ẹni ọdún 37, ló gbá góòlù kẹta sáwọ̀n Eswatini. Sporting da Praia ló ti bẹ̀rẹ̀. Vozinha aṣọ́lé àti Ryan Mendes, tó gbá góòlù jù lọ fún ikọ̀ náà, ẹgbẹ́ Batuque ní Mindelo ló tọ́ wọn. Owó tí FIFA bá san fún Cape Verde lórí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé yìí, orí pápá àwọn erékùṣù kéékèèké àti owó ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn ló yẹ kí àjọ náà kọ́kọ́ ná an sí.