Ọjọ́bọ̀ Tí Alert Kò Wọlé

Aago márùn-ún ìdájí. Àwọn aláàwẹ̀ ń jẹ sààrì lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹrin Ramadan ni, Ọjọ́bọ̀ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Ta ni yóò máa ronú nípa ìsàlẹ̀ òkun nírú àsìkò bẹ́ẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọjọ́ náà ti wá. Lójú òkun Côte d'Ivoire, nítòsí Abidjan, wáyà mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bà jẹ́: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. MainOne yìí, ọmọ wa Funke Opeke ló dá a sílẹ̀, láti 2010 sì ni wáyà rẹ̀ ti ń ti Portugal wọ Èkó.

Aago méje ààbọ̀. OníPOS kan ta agboòrùn rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Owó inú báàgì rẹ̀ kì í ṣe ti báǹkì, tirẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi káàdì gba ₦5,000, owó ara rẹ̀ ló kà lé yín lọ́wọ́, tó wá ń retí kí báǹkì dá a padà sínú àkáǹtì òun. Owó táṣẹ́rẹ́ tó ń gbà lé e ni èrè rẹ̀.

Aago mẹ́wàá. Ọjà ń tà. Láti 2011 tí NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì pọ̀, ti gbé NIP, ètò ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀, dé, owó máa ń ti báǹkì kan bọ́ sí òmíràn kí èèyàn tó ki fóònù bọ àpò. Àwa tí a ti di nọ́ńbà mú ní báǹkì láti àárọ̀ dọ̀sán mọ iyì rẹ̀. Mi ò gbàdúrà ká padà síbẹ̀.

Aago méjìlá ọ̀sán. App báǹkì ń yí lójú kan. Ẹ tẹ kóòdù lórí fóònù, kò dáhùn. Ẹ̀rọ POS kọ̀, ṣùgbọ́n fóònù oníbàárà dún.

"Bàbá, ẹ má bínú, owó yín ò tíì wọlé."

"Ọmọ mi, alert ti dé o. Wọ́n ti yọ ₦20,000 mi."

"Mo gbọ́, sà. Kò dé ọ̀dọ̀ mi ni. Ẹ wò ó fúnra yín."

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Owó ti kúrò ní ibì kan, kò sì tíì dé ibòmíràn, ẹni méjì tí kò ṣẹ ara wọn sì ń bára wọn jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Báǹkì kò sí níbẹ̀ láti gba ìbínú wọn.

Aago méjì. Awakọ̀ kan fẹ́ fi fóònù ra ìnṣọ́ráǹsì third party, ₦15,000. Owó kò lọ. Bẹ́ẹ̀, òfin ò gba ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì láyè kó gba ewu ẹnikẹ́ni mọ́ra láìtíì gbowó. Ló bá wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́rin. Kí ló kan Abidjan nínú owó tó ń ti Dùgbẹ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá, nínú Ìbàdàn kan náà? Àwọn báǹkì kan gbé apá kan iṣẹ́ wọn sórí kọ̀ǹpútà tó wà lókè òkun, nítorí náà iṣẹ́ tí a rán ní láti sọdá òkun kó tó padà wálé. Wáyà Glo 1 kò já. Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò já. Báǹkì tó ti la ọ̀nà kejì sílẹ̀ rí ibi gbà. Ìmúrasílẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn, kì í ṣe oríire.

Aago méje alẹ́. Àwọn aláàwẹ̀ ti ṣínu. Alákàrà ní òun ò gba transfer, owó lọ́wọ́ nìkan. Ta ló máa bá a wí?

MainOne sọ pé àtúnṣe wáyà tòun yóò gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ọkọ̀ ojú omi ní láti kọ́kọ́ débẹ̀. Ní Sátidé, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, kéde pé iṣẹ́ ti padà dé nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé wọ́n gba ojú wáyà mìíràn.

Ẹ̀yin ọ̀gá báǹkì àti ti ìnṣọ́ráǹsì, ẹ gbé ẹ̀rọ tuntun wá, a fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ la ọ̀nà kejì kí ẹ tó ní ká ti ọ̀nà àtijọ́ pa. Nígbà tí wáyà bá sì já, ẹ sọ fún wa ní wákàtí náà gan-an, kí ẹ sì dá owó oníPOS padà kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.