Ẹsẹ̀ Aṣọ́lé Nídìí Pẹnárítì: Ohun Tí Òfin Sọ Àti Ibi Tí Àríyànjiyàn Ti Ń Wá

Ní àwọn pápá ìṣeré ìlú Ẹdẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú yòókù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹnárítì wà lára ohun tó máa ń yára dá ìjà sílẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù. Ìlú Tìmì, ọlọ́fà iná, kò ṣàì mọ̀ pé ẹni tí yóò ta ọfà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ibi tẹ ẹsẹ̀ lé. Nídìí pẹnárítì, ẹsẹ̀ aṣọ́lé ni wọ́n sábà máa ń jà lé lórí: ṣé ó ti kúrò lórí ìlà kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù? Àwọn tó ni aṣọ́lé yóò ní kò kúrò. Àwọn tí bọ́ọ̀lù wọn kò wọlé yóò ní ó ti sáré jáde. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó mọ òfin, ariwo àwọn tó pọ̀ jù ni yóò borí.

Ìdí tí òfin fi ṣọ́ ẹsẹ̀ náà kò ṣòro. Fífẹ̀ ilé jẹ́ mítà 7.32, mítà 11 péré ni bọ́ọ̀lù sì fi jìnnà sí i. Bí aṣọ́lé bá fi ìṣísẹ̀ kan sún mọ́ bọ́ọ̀lù, àyè tí ẹni tó ń gbá a lè rí yóò dín kù.

Ọdún 1891 ni pẹnárítì wọ inú òfin bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde síwájú nígbà náà. Ní 1905, wọ́n ní kí ó dúró sórí ìlà ẹnu ilé rẹ̀. Ní 1929, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ títí wọn yóò fi gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1997, wọ́n gbà kí ó máa rìn sọ́tùn-ún sósì lórí ìlà. Ní 2019, IFAB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé, pàṣẹ pé nígbà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an, ó kéré tán, apá kan lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ kan ìlà tàbí kí ó wà lókè ìlà. Ní 2022, wọ́n fi kún un pé ẹsẹ̀ náà lè wà lẹ́yìn ìlà.

Òfin 2019 yìí kò pẹ́ kó tó kan Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún náà, ní ìlú Rennes, Super Falcons pàdé Faransé nínú ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn obìnrin. Wendie Renard gbá pẹnárítì, ó ba òpó ilé, ó sì jáde. Ẹ̀rọ VAR fi hàn pé Chiamaka Nnadozie, aṣọ́lé ọmọ ọdún 18, ti kúrò lórí ìlà. Wọ́n tún un gbá, ó wọlé, Faransé sì borí pẹ̀lú 1-0. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, aṣọ́lé Scotland, Lee Alexander, mú pẹnárítì Argentina, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n tún un gbá. Ó wọlé, eré parí sí 3-3, Scotland sì jáde nínú ìdíje.

Àtúnṣe dé ní 2020. Bí aṣọ́lé bá ṣẹ̀, tí bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá tàbí tó ba òpó, wọn kò ní tún un gbá àfi bí ó bá hàn gbangba pé ìṣìṣe aṣọ́lé da ẹni tó gbá a láàmú. Ṣùgbọ́n bí aṣọ́lé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé bọ́ọ̀lù padà, wọn yóò tún un gbá. Ìkìlọ̀ ni ti àkọ́kọ́. Bí ó bá tún ṣe é nínú eré kan náà, káàdì yẹ́lò ni.

Ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà ní òfin tirẹ̀. Ó lè tan aṣọ́lé bí ó ti ń sáré bọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tàn án mọ́ nígbà tó bá ti dé ìdí bọ́ọ̀lù. Kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kẹta 2025, ẹsẹ̀ yọ̀ mọ́ Julian Alvarez ti Atletico Madrid lábẹ́, wọ́n sì fagi lé góòlù rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi pẹnárítì yanjú eré wọn pẹ̀lú Real Madrid. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, IFAB là á yé wọn pé bí irú rẹ̀ bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, tí bọ́ọ̀lù sì wọlé, kí wọ́n tún un gbá.

Àwọn eré mìíràn náà ní irú òfin yìí. Nínú disc golf, tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá wà láàrin mítà 10 sí apẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jù ú láti ẹ̀yìn àmì rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá àmì náà títí yóò fi hàn pé ó dúró ṣinṣin. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí rẹfirí níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré ló ń pe àṣìṣe ara wọn lójú ẹsẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò sì jẹ́rìí sí i.

Pápá tí kò ní VAR lè kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Òfin bọ́ọ̀lù ní kí olùrànlọ́wọ́ rẹfirí dúró níbi tí ìlà ẹnu ilé ti pàdé ìlà àpótí pẹnárítì, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti lè rí ẹsẹ̀ aṣọ́lé dáadáa. Níbi tí kò bá ti sí olùrànlọ́wọ́, ó yẹ kí balógun ẹgbẹ́ méjèèjì ti fẹnu kò sórí ẹni kan tí yóò dúró síbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹfun tún ìlà náà fà bí òjò bá ti fọ̀ ọ́. Ìlà tí ẹnikẹ́ni kò rí, kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí pé wọ́n kọjá rẹ̀.