Bí a ṣe ń yan èso àti bí a ṣe ń mú un pọ́n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá ti Àpápá GRA lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjà Boundary, Ajégúnlẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ara bá pọ́n, tí ìdí ṣì ní àwọ̀ ewé, tí inú sì le, ó lè jẹ́ kábáìdì àwọn wẹ́dà ni wọ́n lò. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra pé májèlé wà nínú rẹ̀.

Ẹ ra èyí tó ti gbó, ẹ fi bébà wé e pẹ̀lú ẹyọ kan tó ti pọ́n: afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ ni yóò mú ìyókù pọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni máńgòrò àti ìbẹ́pẹ. Ọsàn kì í dùn sí i mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti ká a. Ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀ o. Èyí tó bá wúwo lọ́wọ́ ni omi rẹ̀ pọ̀.