Kòkòrò Tó Dojú Igbó Kánádà Dé

Kòkòrò tí mo fẹ́ sọ yìí kò ju hóró ìrẹsì lọ, àmọ́ láti nǹkan bí ọdún 1999 ló ti pa nǹkan bí ìdajì igi páìnì tó tó gé tà ní British Columbia, ní Kánádà. Á lu èèpo igi, á yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, á sì gbé olú wínníwínní kan wọlé tí yóò dí ọ̀nà omi igi náà pa. Igi tára rẹ̀ le a máa fi oje lé e jáde. Bí wọ́n bá ya bò ó ńkọ́? Oje ò tó mọ́.

Ní 1992, Shore àti Safranyik ṣe ìlànà tí a fi ń mọ igbó tó wà léwu: ṣé páìnì ló pọ̀ jù níbẹ̀? Ṣé wọ́n ti lé ní 80 ọdún? Ṣé wọ́n fún mọ́ra? Ṣé òtútù ibẹ̀ mú dáadáa? Nítorí òtútù líle ló ń pa ìdin wọn, ayé sì ń móoru.

Lójú tèmi, èèyàn ló se àsè dè é. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń pa iná igbó, tí igi fi darúgbó lọ jàra. Iná tí wọ́n ní àwọn ń gba igbó lọ́wọ́ rẹ̀ o! Ní 2006, ọ̀wọ́ ńlá fò kọjá òkè Rocky wọ Alberta. Níbẹ̀ ló ti kó ran jack pine, páìnì mìíràn tó gba inú igbó lọ títí dé ìlà oòrùn Kánádà.