Ọwọ́ Ta Ló Nà Sókè? Ìtàn Owó Ìlú ní Káńsù Èkó

Bí wọ́n bá ní "káńsù ti fọwọ́ sí i," ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè pé ọwọ́ ta ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn kò sì le rárá. Ìgbìmọ̀ kékeré tó ń mójú tó owó á ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé ìlú á ka ohun tí wọ́n rí. Ẹnì kan á dìde, á ní kí a ṣe é. Ẹnì kejì á gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí bí kò bá sí ẹni tó gbè é, ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀ nìyẹn. Wọn á jiyàn díẹ̀. Alága á wá ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́ sókè, wọn á kà wọ́n. Kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà nawọ́, wọn á kà wọ́n. Bó bá dọ́gba, alága á fi ìbò tirẹ̀ là á. Ó tán. Kí ẹ tó mu ife omi kan tán, ojú ọ̀nà ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé yín kọjá, tàbí kẹ̀, owó tí onílé ń san lórí ilé rẹ̀ ti fi sísì kan lé sí i.

Ọwọ́ ta wá ni? Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ará Èkó bá ìjọba fà fún nǹkan bí ogójì ọdún. Omi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1908, Gómìnà Walter Egerton gbé e jáde pé òun fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, ará ìlú ni yóò sì san owó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kórìíra omi tó mọ́, ẹ má ṣì wọ́n gbọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kànga wà lágbàlá àwọn, pé àwọn òyìnbó àti ilé-iṣẹ́ wọn ni omi náà yóò kọ́kọ́ wúlò fún, àti pé ta tilẹ̀ ló bi àwọn léèrè? Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ àti àwọn ìjòyè wà lẹ́yìn wọn. Dókítà John Randle àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà.

Ìjọba kò dá iṣẹ́ dúró. Ní 1915 wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi Ìjù. Ní 1916 owó omi dé, ariwo sì tún sọ. Àwọn dókítà méjèèjì tó ti kọ̀ jálẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá gbà pé kí ìlú san án. Ìlú kẹ̀yìn sí wọn. Èmi ò dá wọn lẹ́bi tán o. Oníṣègùn mọ ohun tí omi kànga ń fi ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò ní ọwọ́ kan tó lè nà nínú gbọ̀ngàn, kí ló kù fún un ju ariwo lọ?

Nígbà tí Lugard ṣe òfin àwọn ìlú ní 1917, Èkó nìkan ló fi sí ipò kìíní. Káńsù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ìjọba yàn ló pọ̀ níbẹ̀. Ní 1920 ni wọ́n jẹ́ kí ìlú dìbò yan ènìyàn mẹ́ta. Mẹ́ta péré! Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè dìbò. Síbẹ̀, orí àga mẹ́ta yẹn ni ìjà òṣèlú Èkó ti gbóná. Ẹgbẹ́ Herbert Macaulay, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923, jẹ gàba níbẹ̀ títí àwọn ọ̀dọ́ Nigerian Youth Movement fi bì wọ́n ṣubú ní 1938.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọjà Ereko, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun àwọn ìyá wa jù. Láàárín 1930 sí 1940, àwọn aláṣẹ ìlú pinnu pé kí ọjà náà kúrò níbi tó wà, kó lọ sí Olúwọlé. Lórí ìwé, ó rọrùn. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ọjà mọ̀ pé ìsọ̀ kì í ṣe pákó lásán. Oníbàárà ló wà níbẹ̀, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ wà níbẹ̀. Èwo nínú àwọn tó nawọ́ ló ti jókòó nídìí igbá ẹja rí? Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja, tó jẹ́ olórí ọjà náà, ní àwọn ò lọ. Ọlọ́pàá dé, wọ́n kó òun àti àwọn obìnrin mìíràn. Àwọn ìyá ọjà yòókù tú jáde, wọ́n ní kí wọ́n dá wọn sílẹ̀, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Ọjà Ereko kò kúrò.

Ìgbà tó di 1950 ni ohun tí wọ́n ń wá dé: àgbàlagbà gbogbo lè dìbò, wọ́n sì yan ènìyàn mẹ́rìnlélógún sí káńsù. Ẹgbẹ́ NCNC àti ti Macaulay tó para pọ̀ mú 18. Àwọn káńsẹ́lọ̀ wá yan Dókítà Ibiyinka Olorun-Nimbe ní mẹ́yọ̀. Ayọ̀ ńlá ni. Ó wá di ọwọ́ ọmọ ìlú tó ń nà sókè lórí owó ìlú.

Kò pẹ́ tí ìkùnsínú fi bẹ̀rẹ̀. Àṣà káńsù tí a gbà lọ́wọ́ òyìnbó ni pé bí káńsẹ́lọ̀ bá ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé jáde, kó wí i síta, kó má sì dìbò lé e. Àṣà dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè ká ohun tí wọ́n bá sọ ní pálọ̀ ẹnì kan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n pe Bernard Storey, akọ̀wé ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tó kọ ní 1953 kò dára fún káńsù náà rárá. Ọ̀rọ̀ rìbá àti ojúsàájú wà níbẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Èkó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, tú káńsù ká. Ẹgbẹ́ Action Group ló sì wà nídìí ìjọba yẹn, nítorí náà bí ará NCNC kan bá ní ọwọ́ òṣèlú wà nínú rẹ̀, mi ò ní bá a jiyàn. Ohun tí Storey kọ kò sì torí ìyẹn di irọ́.

Òfin tuntun jáde lọ́dún kan náà. Ọba Adéníjì Adélé Kejì di ààrẹ káńsù, àwọn ìjòyè gba àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ìlú dìbò yàn, wọ́n sì pa oyè mẹ́yọ̀ rẹ́. Olorun-Nimbe ni mẹ́yọ̀ àkọ́kọ́ tí Èkó ní, òun náà sì ni ìkẹyìn.