Agòkè, Ijù àti Béárì Tí Wọ́n Fẹ́ Dá Padà

Bí ọmọ bá sọ fún ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn pé òun ń lọ sórí òkè, ohun tí ìyá yóò béèrè ni pé ọjọ́ mélòó ni ààwẹ̀ náà. Àdúrà la mọ orí òkè mọ́. Ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1906 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ The Mountaineers ti wà ní Seattle, tí wọ́n ń gun òkè, tí wọ́n ń kọ́ ẹlòmíràn bí a ṣe ń gùn ún, tí wọ́n sì ń gbèjà igbó tó yí òkè ká. Àwọn àti irú wọn ń jiyàn gan-an. Ṣé kí a kó béárì padà sí òkè Cascade? Ọ̀nà tí àgbàrá gbé lọ ńkọ́, ṣé kí a tún un ṣe àbí kí a fi í sílẹ̀? Mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá lè dá sí ọ̀rọ̀ yìí ní èdè rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa yá lò ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá há a lẹ́nu.

Àwọn ènìyàn náà ló rọrùn jù láti sọ lórúkọ. "Àwọn tó fẹ́ràn àtimáa gun òkè gíga" kì í ṣe orúkọ, àlàyé ni. Ẹni tó ń gun ẹṣin la ń pè ní agẹṣin. Ẹni tó ń gun òkè, agòkè ni. Gòkè ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, a kàn fi ẹni tó ń ṣe é kún un ni.

Igbó tí wọ́n ń lọ ló le. Bíbélì fún wa ní aginjù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni etí wa ń gbọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kì í sábà dá lápá ìwọ̀ oòrùn òkè Olympic. Ẹgàn tún wà, ìyẹn igbó tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí rí. Àmọ́ bí a bá pe Cascade ní ẹgàn, yóò dà bí ẹni pé kò sí ẹsẹ̀ tó tẹ ibẹ̀ rí, a ó sì purọ́ mọ́ àwọn ẹ̀yà Upper Skagit, Sauk-Suiattle àti Yakama, tí àwọn baba ńlá wọn ti ń dọdẹ tí wọ́n sì ń ká èso níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1964 láti dáàbò bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ pé àlejò ni ènìyàn jẹ́ níbẹ̀, kì í gbé ibẹ̀. Nítorí náà, ijù ni mo yàn. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni. Ijù jìn sílé; ọdẹ a gbé oúnjẹ sínú àpò, a wọ ibẹ̀, a sùn mọ́jú nínú àgọ́, a sì padà wálé. Kì í kọ́lé síjù. Ohun tí òfin yẹn ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tó gba inú ijù kọjá kì í ṣe títì, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Ibi tó ti ya kúrò lára títì ni ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń tún un ṣe ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó. Ẹgbẹ́ Washington Trails Association ló máa ń pe ènìyàn jáde fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àáró kọ́ nìyẹn, nítorí àáró ni kí o ṣe tèmi lónìí kí n ṣe tìrẹ lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ni: wọ́n bẹ̀ ọ́, o wá, o ṣiṣẹ́, o lọ. Irinṣẹ́ wọn kan ní ẹnu àáké níhà kan orí rẹ̀, ẹnu ọkọ́ níhà kejì. Pulaski ni wọ́n ń pè é, orúkọ aṣọ́gbó kan tó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yọ nínú iná igbó ńlá ti 1910 ní Idaho. N kò tú u, nítorí orúkọ ènìyàn ni. Bí igi bá wó dínà nínú ijù, òfin kò fàyè gba ẹ̀rọ ìgégi níbẹ̀. Ayùn gígùn ẹlẹ́ni-méjì ni wọ́n ń lò. Kí ẹnì kan fà, kí ó dẹwọ́, kí ẹnì kejì fà. Ẹni tó bá ń tì í yóò mú kí ayùn náà ká kò.

Lórí ẹranko, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dájọ́. Ìkookò padà wá fúnra rẹ̀: ní 2008 ni wọ́n rí agbo àkọ́kọ́ tó ń bímọ ní Washington lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. (Ìkookò tiwa kì í ṣe ẹranko kan náà, àwọn tó tú Bíbélì ló fi orúkọ rẹ̀ fún ti ilẹ̀ tútù. Ó ti mọ́ wa lára, n kò ní yí i.) Ẹranko kékeré tí òyìnbó ń pè ní fisher kò padà fúnra rẹ̀, wọ́n dá a padà ni, 90 láti British Columbia sí Olympic láàárín 2008 sí 2010. Ẹni tó bá pè é ní apẹja ti ṣìnà, kì í pẹja. Òòrẹ̀ pípa la mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ń pè é ní apòòrẹ̀. Ewúrẹ́ orí òkè ní tirẹ̀, àwọn ènìyàn ló kó o wá sí Olympic ní àwọn ọdún 1920, kí ibẹ̀ tó di igbó ọba, ìyẹn national park. Iyọ̀ ń wù ú, a máa tọ agòkè lẹ́yìn nítorí òógùn àti ìtọ̀ rẹ̀, ọ̀kan sì kan ènìyàn pa ní 2010. Láàárín 2018 sí 2020 ni wọ́n dì wọ́n lójú, tí wọ́n so wọ́n kọ́ abẹ́ hẹlikọ́pítà, tí wọ́n kó 325 kúrò, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Cascade tó jẹ́ ilẹ̀ wọn.

Béárì ni ìjà wà lórí rẹ̀. Ní 1996 ni wọ́n ti rí béárì grizzly kẹ́yìn dájú ní apá Cascade tó wà ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin 2024, ìjọba pinnu láti máa kó mẹ́ta sí méje wá lọ́dọọdún títí wọn yóò fi pé 25. Àwọn agòkè kan ní ijù tí kò ní béárì kò pé. Àwọn mìíràn fẹ́ sùn dáadáa nínú àgọ́ wọn, wọn kò fẹ́ máa fi agolo ata fífín tí a fi ń lé béárì kọ́ ìgbànú, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ìjọba yóò tìtorí béárì ti ọ̀nà. Ẹni tó fọwọ́ sí i ń sọ pé kí a dá a padà. Ẹni tó kọ̀ ń sọ pé kí wọ́n má kó o wá bá òun. Kí atúmọ̀ fi ọ̀rọ̀ oníkálukú sí i lẹ́nu. Ní tèmi, dá padà ni òótọ́, nítorí awọ béárì láti òkè náà kún ìwé àwọn oníṣòwò láyé ìjelòó.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní access, a lè tú u sí "ìráàyèsí". Lórí ọ̀nà, ọ̀rọ̀ wa kúrú: ọ̀nà ṣí, tàbí ọ̀nà dí. Ọ̀nà Carbon River ní òkè Rainier dí fún mọ́tò láti ìgbà àgbàrá 2006. Ní 2025 wọ́n tún ti afárá Fairfax pa pátápátá, èyí tó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀ láti 1921. Àwọn kan ní kí ó dí bẹ́ẹ̀, kí ẹranko rí ìsinmi. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n àgbà tí orúnkún ń dùn kò lè fẹsẹ̀ rin ibi tí mọ́tò ń gbé e dé tẹ́lẹ̀, òun náà sì ni ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọdẹ, ẹ bi í léèrè ohun tó ń pe ibi tí ẹran ń gbà lọ mumi, ibi tí òkè méjì ti kọjú síra, ibi tí igbó ti là sí ọ̀dàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ fi orúkọ ìlú rẹ̀ sí i, kí ẹ sì fún àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀.